Fìtílà Kò Lè Kọ́ni ní Kẹ́mísìrì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń dí àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, ẹnu ọ̀nà yunifásítì kọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ohun tí mo fojú rí nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, àti nígbà tí mo wá di tíṣà kẹ́mísìrì, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kí ọmọ tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀.

Mo wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kó kan etí òsì ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ nìyẹn pé ọmọ ti tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ìwé ọjọ́ ìbí lábúlé wa. Ọwọ́ mi kan etí, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Bàbá mi, àgbẹ̀ oníkòkó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò san tọ́rọ́. Títí dòní ni mo ń ṣàdúrà fún àwọn tó ro ètò yẹn. Minísítà tó gbé e síwájú ilé aṣòfin ní 1952, Stephen Olúwọlé Awókọ́yà, tíṣà sáyẹ́ǹsì ni. Òun ló kọ́kọ́ jẹ ọ̀gá àgbà Mọ́lúsì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìjẹ̀bú-Igbó kó tó bọ́ sínú ìjọba. Inú mi dùn nígbà tí mo dàgbà tí mo gbọ́ pé ẹni tó ti dúró níwájú kíláàsì kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì rí ló kọ ìwé ètò tó mú mi wọ ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà kò kọjá kíláàsì kẹfà. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé mẹ́wàá ní gírámà, owó ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ló bọ́ sí ilé-ìwé Módà, ọdún mẹ́ta, tí owó rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi náà lọ. Àwọn tíṣà wa níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò dáadáa. Ní ti sáyẹ́ǹsì, ohun tí a rí kọ́ kò ju pé ká kó ẹ̀wà sínú òwú tútù nínú ife, ká máa wò ó bó ṣe ń hù, ká sì máa ya àwòrán kòkòrò sínú ìwé. Kò sí láàbù. Kò sí ẹnìkan nínú abúlé wa tó ti rí i rí.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ parí Módà ní 1963. Àwa méjèèjì la di tíṣà kékeré, àwa méjèèjì la sì fẹ́ dé yunifásítì. Ní àkókò yẹn, ọ̀nà kan wà tí ọmọ tálákà ń gbà: kíkọ́ ẹ̀kọ́ láti inú lẹ́tà. O máa san owó ránṣẹ́ sí Rapid Results College tàbí Wolsey Hall nílùú Òyìnbó, wọn a sì máa fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ọ nípasẹ̀ pósí. O kà á lálẹ́, o dáhùn ìbéèrè, o fi ránṣẹ́ padà, wọ́n á máàkì rẹ̀. Lẹ́yìn náà o jókòó ṣe ìdánwò GCE. Ọ̀rẹ́ mi mú ìtàn, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ìmọ̀ ìjọba àti ìmọ̀ Bíbélì. Ó fi fìtílà kà á títí èéfín fi pa ògiri yàrá rẹ̀ láró. Ó yege ní ìpele kìíní, ó yege ní ìpele kejì, ó wọ yunifásítì, ó kọ́ òfin. Lọ́yà tó gbayì ló jẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Kẹ́mísìrì ni èmi fẹ́. Ìwé tèmi náà dé, ó sì dára. Mo kà á. Mo lè ka àwọn ìlà rẹ̀ sórí bí Sáàmù. Ṣùgbọ́n ìwé náà yóò sọ pé kí n mú omi ásíìdì báyìí, kí n fi búrẹ́ẹ̀tì kán an sínú omi alíkálì báyìí, kí n ṣọ́ ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà. Níbo ni mo ti fẹ́ rí búrẹ́ẹ̀tì? Ta ló fẹ́ ta ásíìdì fún tíṣà ọmọ ogún ọdún nínú abúlé? Ìdánwò náà sì ní apá tí a ń fọwọ́ ṣe, ẹni tí kò bá ṣe é kò lè gòkè. Nígbà tí ó di ọdún kejì mo ká ìwé náà nílẹ̀, mo tò ó sínú àpótí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ìran wa pẹ̀lú ojú kan. Ẹ wo iye àwọn adájọ́, òpìtàn, akọ̀ròyìn, olùkọ́ èdè àti òṣìṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ti ẹ̀yìn fìtílà jáde. Wọ́n pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ. Onímọ̀ kẹ́mísìrì tó ti ẹ̀yìn fìtílà jáde, mi ò tíì rí ẹyọ kan. Kì í ṣe pé orí wọn pé ju tiwa lọ. Ìwé ni tiwọn, ìwé sì lè rìn dé abúlé. Tiwa ń fẹ́ yàrá tó ní omi ẹ̀rọ, iná, gíláàsì, kẹ́míkà, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò tó máa dúró tini. Ìṣirò nìkan ni mo lè yọ sọ́tọ̀, nítorí pátákó àti ẹfun ti tó o. Adégòkè Olúbùmmọ̀, ọmọ Orin-Èkìtì, gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìṣirò nílùú Òyìnbó ní 1955, ó padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, gbogbo wa la sì ń fi orúkọ rẹ̀ gbéra ga.

Àwọn tó rí láàbù lò nígbà náà kò ju ìwọ̀nba lọ. Government College Ìbàdàn ní, Igbóbì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní, Christ's School Adó-Èkìtì ní, àti àwọn mélòó kan bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe HSC ọlọ́dún méjì tí yunifásítì ń béèrè. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ti kọ́ sáyẹ́ǹsì délé kò tó, wọ́n dá Emergency Science School sílẹ̀ ní Oníkan l'Ékòó, kí àwọn tí gírámà wọn kò ní ohun èlò lè wá kọ́ ọ níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan bá ibẹ̀ dé Ìbàdàn, ó di dókítà ìṣègùn. Èkó jìnnà sí èmi, n kò sì lẹ́ni tí mo lè dé sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó yọ mí ni pé wọ́n gbé iṣẹ́ tíṣà mi lọ sí ìlú kan tí gírámà wà, tíṣà kẹ́mísìrì ibẹ̀ sì jẹ́ ará Gánà. Mo lọ kí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ ohun tí ń ṣe mí. Kò bi mí pé ta ni bàbá mi. Ó ní kí n máa wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti jẹun tán. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ búrẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu fa pìpẹ́ẹ̀tì láì jẹ́ kó wọ ọ̀fun (wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀), bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti fi ojú ṣe déédéé pẹ̀lú omi kí wọ́n tó kà á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe títíréṣọ̀n fúnra mi, omi tó wà nínú ìgò yẹ́lò rọ́rọ́. Mo ń kán ásíìdì sí i lẹ́kán-lẹ́kán, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀kán kan bọ́, gbogbo rẹ̀ sì yí sí pupa rẹ́súrẹ́sú kí n tó ṣẹ́jú. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé fún ọdún méjì. N kò mọ̀ ọ́n rárá àfi ọjọ́ yẹn.

Nípasẹ̀ àwọn ọjọ́ Sátidé wọ̀nyẹn ni mo fi yege, tí mo lọ sí Adéyẹmí Kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Óǹdó láti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ NCE, lẹ́yìn náà ni mo tó dé Yunifásítì Ifẹ̀. Mo ti kọjá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà yẹn. Àwọn tí a jọ jókòó tí wọ́n ti àwọn ilé-ìwé ńlá wá jẹ́ àbúrò fún mi dáadáa.

Àbúrò mi obìnrin kò dé Ifẹ̀. Ó mọ ìṣirò jù mí lọ, gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ìpo oògùn ló wà lọ́kàn rẹ̀, Ifẹ̀ kan náà yìí sì ni yunifásítì tó kọ́kọ́ ń fúnni ní oyè ìmọ̀ ìpo oògùn ní Nàìjíríà. Bàbá wa gbìyànjú, ó rán an lọ sí gírámà àwọn ọmọbìnrin. Ilé-ìwé náà kọ́ wọn ní ìsè oúnjẹ, aṣọ rírán àti báyọ́lọ́jì. Físíìsì kò sí níbẹ̀, kẹ́mísìrì kò sí. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí ó má kọ́ ọ. Wọn kàn gbà pé ọmọbìnrin kò ní í béèrè fún un ni. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní 1965, ọ̀rọ̀ pé kó lọ kọ́ ọ níbòmíràn tún di ohun tí a kò lè sọ sétí bàbá wa. Ó di nọ́ọ̀sì, ó sì ṣiṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Lọ́dún 1985, nígbà tí wọ́n fi Grace Alele-Williams ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn ní Nàìjíríà, tó sì ti gba oyè dókítà ní Chicago láti 1963, mo gé fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó kọ̀wé padà pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i. Ọmọ mi obìnrin ló máa ṣe é." Ọmọ náà ti jẹ́ apòògùn láti ọdún pípẹ́.

Nígbà tí mo wà ní Ifẹ̀ ni mo rí ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ yòókù, tí wọ́n sì ní tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ wò ó. Tíṣà bi wọ́n pé kí ló ń jẹ́ kí ìrì sẹ̀. Ọwọ́ gbogbo kíláàsì lọ sókè. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, wọ́n ń fi ìkòkò omi tútù ìyá wọn ṣàpẹẹrẹ, ọmọ kan ní òun kò gbà, pé kí tíṣà gbé omi wá kí àwọn wò ó. Mo rántí kíláàsì tèmi, níbi tí a ti ń ka "evaporation" lákàsórí láì mọ̀ pé omi aṣọ tí ìyá wa sá sórí okùn ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n yẹ èsì ètò náà wò, àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ yìí kò rẹ̀yìn nínú ohunkóhun. Nínú èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ti ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wà níbẹ̀. Ìgbà wo ni ìjọba wá lo ìmọ̀ náà? Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ni wọ́n wọ́gi lé e. Ó dùn mí wọ eegun. Ọmọ tó bá gbọ́ sáyẹ́ǹsì yé láti kékeré kò ní í sá fún un nígbà tó bá dàgbà.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1979, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣàkóso sọ ẹ̀kọ́ gírámà náà di ọ̀fẹ́. Mo ti ń kọ́ni nígbà náà. Mo yọ̀, nítorí mo rí ọmọ àwọn tó dà bíi bàbá mi tí wọ́n ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láàárín ọdún méjì, ilé-ìwé hù káàkiri abúlé. Kíláàsì tí mo ti ń kọ́ ọmọ 30 di ti ọmọ 70. Láàbù kò pọ̀ sí i bí àwọn ọmọ ṣe ń pọ̀ sí i, ibẹ̀ ni ẹrù ti wọ̀ wá lọ́rùn. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wá láti òkè òkun nínú àpótí pákó. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni àpótí náà wà láì ṣí, nítorí kò sí iná mànàmáná tó máa yí ẹ̀rọ, kò sì sẹ́ni tí wọ́n kọ́ láti lò ó. Mo ti rí ibi tí tíṣà ti jókòó lé àpótí bẹ́ẹ̀ jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Àwa kò kàn káwọ́ gbera. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n mú iṣápá pupa wá láti ilé. A ó sè é lórí sítóòfù kẹrosíìnì, a ó sẹ́ ẹ, a ó pín omi rẹ̀ sínú ife. Wọn a fún osàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, á pupa fòò. Wọn a da omi eérú tí àwọn ìyá wọn fi ń se ọṣẹ dúdú sínú èkejì, á di àwọ̀ ewéko. Ariwo tí wọ́n máa ń pa, ọ̀gá ilé-ìwé a sáré wá wò ó. Wọ́n ti mọ ásíìdì mọ alíkálì nìyẹn, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n iṣápá ní ibi tó mọ. Kò sí ewé tí a lè já láti rọ́pò silver nitrate, tó wọ́n bí ojú, àjọ ìdánwò WAEC sì ń béèrè fún un. Kò sí igi tí a lè gbẹ́ ṣe búrẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tíṣà wa lọ. Àwọn ará Gánà àti Íńdíà ló kọ́ ìdá tó pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní físíìsì àti kẹ́mísìrì láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986 tí náírà ń já bọ́, owó oṣù wọn kò tó nǹkan tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sílé mọ́. Wọ́n palẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tiwa tó mọ físíìsì náà rí i pé ilé ìfowópamọ́ ń san ju ilé-ìwé lọ. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ń kọ́ kẹ́mísìrì ní ilé-ìwé mẹ́ta, tí mo ń gun ọ̀kadà láti ọ̀kan dé èkejì.

Ní tòní, ẹnu JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ni gbogbo ènìyàn ń wò. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1978, kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n sì fi ń ṣe é láti 2015, èyí tó jẹ́ ẹrù mìíràn fún ọmọ abúlé tí kò gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kí ìdánwò WAEC tó dé, àjọ náà a fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé-ìwé pé àwọn kẹ́míkà báyìí ni kí wọ́n pèsè. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ìgbà yẹn ni ọ̀gá á tó rán ènìyàn lọ sọ́jà. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ fẹ́ ṣe ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ fojú kan ohun tó yẹ kó ti máa lò fún ọdún mẹ́ta. Nítorí èyí ni àwọn òbí fi ń kó owó lọ sí mírákù sẹ́ńtà, níbi tí ẹlòmíràn ti ń bá ọmọ wọn kọ ọ́. Ọmọ náà á gba A. Yóò dé yunifásítì, wọn á gbé pìpẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, yóò máa wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bá irú wọn pàdé púpọ̀ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, nígbà tí wọ́n ń wá sílé mi fún lẹ́sìnì. Ọpọlọ wọn kò ní àbùkù kankan.

Tí wọ́n bá sì ti wọlé, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ń dúró dè wọ́n. Ní 2020, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, ó di oṣù Ọ̀pẹ. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló jìyà rẹ̀, n kò fọwọ́ rọ́ ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ìtàn lè jókòó sílé kó máa ka ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń sin kòkòrò àìfojúrí nínú àwo láàbù kò lè gbé e relé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn pa ni iṣẹ́ rẹ̀ kú.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti ilé-ìwé kan tí mo ti kọ́ni. Ní ìpàdé wa tó kọjá, wọ́n fẹ́ dáwó kọ́ géètì ńlá tí wọ́n máa kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára. Mo dìde. Mo ní mo ti wo inú láàbù náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: búrẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló kù, méjì ti fọ́ létí, kò sí ẹni tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú ibẹ̀, ẹ̀rọ omi ti gbẹ. Mo ní kí a ra búrẹ́ẹ̀tì 40, kí a gbẹ́ kànga, kí a sì máa san owó oṣù fún ẹnì kan tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn náà ní gbogbo ọjọ́ títí kan Sátidé, kí àwọn ọmọ láti ilé-ìwé tó yí i ká náà lè máa wá lò ó. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Alága ní àwọn máa rò ó wò. Mo ti ní kí ọmọ mi bá mi gba iye owó gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò láàbù n'Íbàdàn. Tí ìpàdé bá tún pé, màá kó ìwé náà dání, màá tún dìde.